Abẹ́rẹ́ tí Metwali Gbà fún Àbúrò Rẹ̀

Bí ẹ bá dé abúlé wa, tí ẹ rí ọkùnrin tó ń mu tíì láìfi ṣúgà sí i, Metwali ọkọ mi nìyẹn. Ọdún méjìdínlógójì ni mo ti ń bá a gbé, n kò rí i kó fi ohun dídùn kan ẹnu rí. Bí wọ́n bá gbé hàláwà oníyànmọ̀ntì wá níbi ìgbéyàwó, iwájú mi ló ń ti àwo sí. Èmi ni mo ń jẹ tiwa méjèèjì, ara mi sì ń jẹ́rìí sí i.

Òwú ló ń gbọ̀n. Á fi ọrun ìgbọ̀nwú rẹ̀ gbọ̀n ọ́n, á sì fi rán bẹ́ẹ̀dì fún ìyàwó tuntun. Ẹnu iṣẹ́ náà ló wà nígbà tí àwọn ayẹ̀jẹ̀wò ìjọba dé, wọ́n sì rí kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Dókítà Mervat là á yé wa. “Bàbá, kì í ṣe kòkòrò yẹn gan-an ló ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ jù. Inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ló ń sá pamọ́ sí. Àwọn ọmọ ogun ara yín á wá a débẹ̀, wọ́n á pa sẹ́ẹ̀lì náà mọ́ ọn. Ibi tí sẹ́ẹ̀lì bá ti kú, ara á fi àpá dí i. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀dọ̀ yín ti le.”

“Bí òwú inú bẹ́ẹ̀dì àtijọ́?”

“Ó jọ bẹ́ẹ̀.”

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn bí ẹ̀dọ̀ ṣe le sọ pé mẹ́rìnlá, ó sì ga jù. Metwali lo oògùn oṣù mẹ́ta, kòkòrò náà sì tán. Dókítà ní bí sẹ́ẹ̀lì kò bá kú mọ́, àpá lè máa yọ́ díẹ̀díẹ̀; ó sì lè kọ̀ kó má yọ́. Ká padà wá lẹ́yìn ọdún kan ààbọ̀.

Ọdún kan ààbọ̀ yẹn, n kò sùn dáadáa. Ti Ragab àbúrò rẹ̀ tún wá burú ju tèmi lọ. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, wọ́n máa ń to àwọn ọmọ iléèwé fún abẹ́rẹ́ àtọ̀sí ajá, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi ń gún gbogbo wọn. Lọ́jọ́ kan ẹ̀rù ba Ragab, ó sá sábẹ́ bẹ́ǹṣì. Metwali padà sórí ìlà, ó dáhùn sí orúkọ àbúrò rẹ̀, wọ́n sì tún gún un. Nígbà tí a wá gbọ́ pé abẹ́rẹ́ wọ̀nyẹn ló tan àrùn ká, Ragab gbà pé ẹyọ kan yẹn ló ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ mọ́. Ìyẹn ló tún bà á nínú jẹ́ jù.

Ọjọ́ pé. Wọ́n gbé ẹ̀rọ lé Metwali ní ìhà. Dókítà rẹ́rìn-ín. “Méje! Àpá ti ń yọ́!”

Mo figbe ayọ̀ ta.

“Ìyá Hani,” dókítà pè mí, “àwọn aláìsàn wà níbí o!”

“Kí wọ́n bá mi yọ̀!”

Ragab, tó bá wa wá, ti jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí. Abẹ́rẹ́ mi ni.”

“Abẹ́rẹ́ wo? Dìde níbẹ̀ jàre. Mọ́kànlá ni mo gbà lórúkọ ara mi, ìwọ wá fẹ́ fi ẹyọ kan ṣoyè.”

“Ẹ gbà á nítorí mi.”

“Nítorí ta? Hàláwà ni tísà ń fún ẹni tó bá gba abẹ́rẹ́. Mo fẹ́ jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ni.”

Ragab wò ó, ó wò ó, ẹ̀rín bá bú mọ́ ọn lẹ́nu. “Ọ̀kánjúwà! Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, ọ̀kánjúwà ni mo ń forí balẹ̀ fún!” Ó ń nu omijé, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kẹ́yìn.

Bí a ṣe jáde, ó ra hàláwà ńlá kan, ó gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. “Ó yá, ẹ jẹ ẹ́.”

Metwali wo ojú mi. Mo pa ẹnu mi mọ́. Ó jẹ gbogbo rẹ̀ tán, ó ń gbé e mì bí oògùn, ó tiẹ̀ tún lá ọwọ́.