Bí Mo Ṣe Bá Màmá Lìn Kúnlẹ̀ ní Ojúbọ Etíkun

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ Màmá Lìn, ìyá arúgbó kan tó jẹ́ ìran Ṣáínà, àṣìṣe méjì ni mo ti ṣe kí n tó sọ orúkọ mi. Mo wọ bàtà wọ inú ilé wọn, wọ́n sì fi ọ̀pá ìtilẹ̀ júwe ẹnu ọ̀nà fún mi. Mo bọ́ bàtà, mo wá kúnlẹ̀ kí wọn bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ṣe ń kí àgbà. Màmá rò pé nǹkan ló bọ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n bá mi wá a títí lórí kápẹ́ẹ̀tì.

Ní àwọn ọdún 1990 nìyẹn, ní Adelphi, ní Amẹ́ríkà. Nọ́ọ̀sì tó ń lọ tọ́jú aláìsàn nílé wọn ni mí, láti Clinton tí mò ń gbé ni mo sì ti ń wakọ̀ lọ. Màmá ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Wọ́n ṣubú ní bálùwẹ̀, dókítà sì fi irin rọ́pò oríkèé ìbàdí wọn. Òfin tó fún wa kò pọ̀: wọn kò gbọdọ̀ tẹ̀ jù, wọn kò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ kúnlẹ̀ rárá. Ó ní bí irin yẹn bá yẹ̀, kò dá òun lójú pé wọ́n á tún rìn mọ́.

Irinṣẹ́ mi kò ju bẹ́líìtì fífẹ̀ kan lọ. A ó dè é mọ́ ìbàdí aláìsàn, a ó sì dì í mú láti ẹ̀yìn, àtẹ́lẹwọ́ á kọjú sókè. Bí wọ́n bá fẹ́ dìde, orin kan náà ni mò ń kọ sí wọn létí: “Ẹ fi ọwọ́ ti ara yín. Ẹ má kánjú. Ẹ dìde.” Màmá ní bí òun bá kú, òun á ṣì máa gbọ́ ọ nínú pósí.

Nígbà tí ara wọn mókun, wọ́n ní ilé yá. Ní erékùṣù tí wọ́n bí wọn sí, lápá gúúsù Éṣíà, ojúbọ kékeré kan wà létí òkun fún ìyá kan tí àwọn ará Ṣáínà gbà pé ó ń ṣọ́ àwọn tó wà lójú omi. Ọkọ Màmá máa ń se oúnjẹ nínú ọkọ̀ ojú omi nígbà èwe wọn. Ìjì dé, wọn kò sì rí ọkọ̀ náà fún ọjọ́ mẹ́rin. Màmá sáré lọ síbẹ̀, wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí ọkọ àwọn bá dé, àwọn á wá kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti dúpẹ́. Ọkọ dé. Ọmọ dé tẹ̀lé e, Amẹ́ríkà dé tẹ̀lé ọmọ, ọpẹ́ sì kù sọ́nà fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún.

Méì, ọmọ wọn, kò rí ààyè gbà níbi iṣẹ́, ló bá bẹ̀ mí kí n bá wọn lọ. “Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣèlérí fún mi. Wọn ò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ o.” Mo ṣèlérí. Màmá náà ṣèlérí fún mi pé orí nìkan làwọn máa tẹ̀ díẹ̀. Mo gbà wọ́n gbọ́. Ọgbọ́n mi ò tíì tó ti àgbà.

Nígbà tí a débẹ̀, mo rí i pé ojúbọ náà kò fẹ̀ ju ibi tí à ń dúró de bọ́ọ̀sì ní Langley Park lọ. Wọ́n kùn ún ní pupa, iyanrìn òkun ti wọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, igi àgbọn sì ṣíji bò ó. Ère ìyá náà jókòó nínú èéfín tùràrí. Bàbá arúgbó kan tó ń tọ́jú ibẹ̀ wà lórí àga oníke, síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀. Màmá rí ère náà, omi lé ròrò sójú wọn, orúnkún wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀.

Mo fa bẹ́líìtì tí mo dè mọ́ ìbàdí wọn sókè. Màmá fa ara wọn sísàlẹ̀.

“Màmá, ẹ ṣèlérí fún mi!”

“Òun ni mo kọ́kọ́ ṣèlérí fún.”

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo ti ń rí i lọ́kàn mi pé irin ti yẹ̀, tí mo sì ń wá tẹlifóònù tí n ó fi pe Méì. Bàbá yẹn bá sọ nǹkan ní èdè wọn. Màmá wò mí látòkè délẹ̀.

“Ó ní ọmọ ilé lè kúnlẹ̀ dípò mi.”

“Méì ò sí níbí, Màmá.”

“Ìwọ wà níbí.”

“Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni mí, Màmá! Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ìyá!”

“Ṣé wọn kì í kúnlẹ̀ ní Áńgílíkà ni?”

“À ń kúnlẹ̀ dáadáa.”

“O ti mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn.”

Ọwọ́ ti ń ro mí, Màmá sì ń wúwo sí i. Mo rò ó pé nílé wa, bí ìyá kan kò bá lè lọ kí ẹnì kan, á rán ọmọ, ọmọ á sì kúnlẹ̀ dípò rẹ̀. Mo pe Bàbá, mo kọ́ ọ bí a ṣe ń di bẹ́líìtì mú. Ó dì í mú bí ẹni tó ń fa ewúrẹ́ lọ sọ́jà. Mo bá kúnlẹ̀.

Mo wá ohun tí mo lè sọ tí kò ní kó bá mi lọ́dọ̀ fíkà, àlùfáà ìjọ wa. Mo ní, “Ẹ káàsán mà.” Lẹ́ẹ̀kejì mo ní, “Màmá Lìn ní kí n bá àwọn dúpẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ọkọ àwọn.” Lẹ́ẹ̀kẹta, ó bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣubú mọ́ mi lọ́wọ́.”

Mo fẹ́ dìde, orúnkún mi kọ̀. Mo ti tó ẹni àádọ́ta ọdún, a sì ti jókòó sínú bàálù fún odindi ọjọ́ kan. Màmá wò mí nílẹ̀. “Fi ọwọ́ ti ara rẹ,” ni wọ́n wí, ohùn mi gan-an ni wọ́n fi sọ ọ́. “Má kánjú. Dìde.” Bàbá olójúbọ rẹ́rìn-ín débi pé mo yára gba bẹ́líìtì mi lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, Màmá fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn dé etí omi, wọ́n dúró níbẹ̀, wọ́n ń bá ọkọ wọn tó ti kú sọ̀rọ̀. Mo dì wọ́n mú láti ẹ̀yìn, mo ń sunkún, inú mi sì dùn.

Ọkọ mi ló wá gbé mi ní pápákọ̀ òfurufú. Inú ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa ló wà. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ kí a tó já sí Route 5, ọ̀nà tó lọ sílé wa.

“Ìyá Ṣadé, wait o. O kúnlẹ̀ níwájú ère?”

“Mo bá Màmá kí àgbà ni.”

“O wá tún tọrọ nǹkan?”

“Ẹ̀ẹ̀kan péré ni.”

Ó wo ojú mi, ó wo ọ̀nà, ó tún rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni pé fíkà wà lẹ́yìn wa nínú mọ́tò.

“Ṣé wọ́n dá ẹ lóhùn?”

“Màmá ò ṣubú.”