Ẹpìyà Kú, Àrọ̀ Kò Kú

Ariwo ló pàdé mi ní géètì láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sáré lọ sí ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ń kígbe pé wọ́n ti pa ẹja pírínsípà. Èmi tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì láti ìgbà tí irun orí mi ṣì pé, "wọ́n ti pa" yẹn gan-an ni mo kọ́kọ́ fura sí. Àwọn wo ni wọ́n? Ta ló rí wọn? Ìyàwó mi máa ń sọ pé bí òun bá gbé ọbẹ̀ ka iwájú mi, màá kọ́kọ́ béèrè ẹ̀rí pé iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Kò purọ́ mọ́ mi.

Ilé ẹ̀kọ́ girama wa wà ní Òwu, nínú ìlú Abẹ́òkúta. Pírínsípà wa, obìnrin tí kì í fi iṣẹ́ ṣeré, ló ní kí wọ́n gbẹ́ adágún ẹja kan fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ẹja ẹpìyà àti ẹja àrọ̀ la kó sínú rẹ̀. Obìnrin náà fẹ́ràn adágún yìí ju ọ́fíìsì rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo débẹ̀, òkú ẹja ti bo ojú omi, ikùn wọn funfun báláú. Pírínsípà dúró létí adágún, ó káwọ́ lérí, omi lé ròrò sí i lójú.

"Mista Ṣódípẹ̀," ó ní, "ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá Sàlámì."

Bàbá Sàlámì ni gáádì wa. Àgbàlagbà ni, ó ti ń ṣọ́ géètì kí èmi tó dé ilé ẹ̀kọ́ náà. Ó gbin àgbàdo díẹ̀ sí etí adágún, ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, pírínsípà ní kí wọ́n hú u dànù kí wọ́n lè ráyè ṣe ọgbà yí adágún ká. Inú bí bàbá gidigidi. Ó sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé, "Kò burú. A jọ máa wà níbí, a jọ máa rí i." Láàárọ̀ yìí ni wọ́n wá lọ wo ẹ̀yìn yàrá rẹ̀, wọ́n sì bá ìgò oògùn kòkòrò tó ń fín sí àgbàdo náà. Díẹ̀ ló kù nínú rẹ̀. Kí lẹnikẹ́ni tún ń wá? Bàbá halẹ̀, bàbá ní oògùn lọ́wọ́, òun nìkan ló sì ń sun inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Pírínsípà ti fóònù àwọn ọlọ́pàá.

Mo lọ bá bàbá níbi tó jókòó sí lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú àárọ̀ o. Ṣé ẹ̀yin ni?"

"Tísà, bí mo bá ní èmi kọ́, ṣé ẹ ó gbà?"

N kò tíì gbà á gbọ́, n kò sì tíì dá a lẹ́bi. Mo fura sí i, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n mo fura sí pírínsípà náà, nítorí ó ti ń pàṣẹ pé kí wọ́n kó òkú ẹja sọnù, kí wọ́n sì fa omi adágún gbẹ kíákíá. Bí ó bá jẹ́ pé oògùn wà nínú omi yẹn lóòótọ́, kí ló dé tí a ó dà á nù kí ọlọ́pàá tó rí i?

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan omi yìí," mo bẹ̀ ẹ́. "Ẹ jẹ́ kí n kó kíláàsì mi wá síbí."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Òkú ẹja mi lẹ fẹ́ fi ṣe lẹ́sìnnì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó pòṣé, ṣùgbọ́n kò kọ̀.

Ìbéèrè mẹ́ta kan wà tí mo máa ń kọ sí orí pátákó ìkọ̀wé ní gbogbo kíláàsì mi: Kí lo wí? Kí lo rí? Báwo ni ohun tí o rí ṣe ti ohun tí o wí lẹ́yìn? Ohun tí o wí ni ohun tí o fẹ́ ká gbà. Ohun tí o rí ni ẹ̀rí rẹ. Ìkẹta yẹn ló máa ń ni àwọn ọmọ lára, nítorí ibẹ̀ ni ènìyàn ti gbọ́dọ̀ ro àròjinlẹ̀, kó so méjèèjì pọ̀. Ọmọ kan kọ ọ́ fún mi rí pé irin máa ń rì sómi nítorí pé bàbá òun sọ bẹ́ẹ̀. Mo bi í bóyá bàbá rẹ̀ ni irin náà.

Àwọn ọmọ dé, wọ́n yí adágún ká.

"Kí lẹ rí?" mo bi wọ́n.

"Òkú ẹja, sà!"

"Ṣé gbogbo ẹja ló kú?"

Mòrẹ́nikẹ́, ọmọbìnrin kan tí ìbéèrè rẹ̀ kì í tán, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Sà, ẹpìyà nìkan ló kú. Àwọn àrọ̀ ń yọrí sókè, wọ́n ń gbé afẹ́fẹ́ mì."

Òótọ́ ni. Àwọn àrọ̀ ń yọ ẹnu síta, wọ́n sì ń padà wọlé sómi. Kò tán síbẹ̀. Ní igun kan tí omi páìpù ti ń ṣàn sínú adágún, ẹpìyà díẹ̀ tó ṣì yè kóra jọ, wọ́n gbẹ́nu sókè.

"Irú oògùn wo ló ń ṣa ẹja pa báyìí?" mo bèèrè.

"Bóyá oògùn náà kì í pa àrọ̀," pírínsípà dáhùn láti ẹ̀yìn wa.

Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú, nítorí ó dára. N kò lè bá ẹni tó fura jà, nígbà tó jẹ́ pé ìfura ni mo ń tà jẹun.

A gbé ike ńlá méjì wá. A bu omi adágún sínú ọ̀kan, a mú ẹpìyà tó yè sí i, mo sì ní kí àwọn ọmọ máa fi kọ́ọ̀bù bu omi náà sókè, kí wọ́n máa dà á padà kí afẹ́fẹ́ lè ráyè wọ inú rẹ̀. Bí oògùn bá wà nínú omi náà, bíbù kò ní kó o kúrò. A pọn omi kànga sínú ike kejì, a mú àrọ̀ kan sí i, mo sì kán oògùn inú ìgò Bàbá Sàlámì lé e lórí. Àánú àrọ̀ yẹn ṣe mí.

Bí a ṣe ń dúró, mo ní kí wọ́n wo àwọ̀ omi adágún. Ó ti di àwọ̀ ewé. Àwọn ewé tíntìntín ló kún inú rẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá ń ràn, wọ́n máa ń tú afẹ́fẹ́ ọ́síjìn sínú omi. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, àwọn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn ni ojú ọ̀run ti ṣú dùdù. Ọ́síjìn tán nínú omi. Èyí tó wà nínú omi nìkan ni ẹpìyà lè mí, àmọ́ àrọ̀ lè yọrí gbé tòkè mì.

"Kí ló wá jẹ́ kí ewé náà pọ̀ tó báyìí, sà?" Mòrẹ́nikẹ́ bèèrè, ó sì tún dá ara rẹ̀ lóhùn: "Àbí ìgbẹ́ adìẹ tí mà ní ká dà sínú rẹ̀ kí ẹja lè tètè sanra?"

N kò wojú pírínsípà. Ìgbẹ́ adìẹ náà pọ̀, àpò àpò ni wọ́n dà á.

Kí agogo tó lù, àrọ̀ ti dojú ikùn sókè. Ẹpìyà ń wẹ̀ yí ike rẹ̀ ká. Ọlọ́pàá tí wọ́n rán wá yẹ ike méjèèjì wò, mo sì ṣàlàyé fún un. Èyí tó kú nínú adágún ló yè nínú omi adágún. Èyí tó yè nínú adágún ni oògùn bàbá pa. Ọlọ́pàá kọjú sí pírínsípà.

"Mà, ṣé ẹ ṣì ní ẹjọ́?"

"N kò ní," ó dáhùn. Ó lọ bá Bàbá Sàlámì, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní kó má bínú. Bàbá ní òun ti gbọ́.

Inú mi dùn, kí n sòótọ́. Mo rìn lọ sí ìdí bẹ́ǹṣì bí ẹni tó ń retí ọpẹ́. Bàbá kò dúpẹ́.

"Tísà," ó ní, "ká ní àrọ̀ náà kú sínú adágún ńkọ́?"

"Bàbá, mi ì bá ṣì máa wádìí ẹni tó ṣe é."

"Ẹ̀yin ì bá máa wádìí." Ó mi orí. "Èmi ńkọ́? Ibo ni mi ì bá wà?"

Ọkàn mi bàjẹ́, nítorí mo mọ ibi tí ì bá wà. Ọlọ́pàá náà kò tíì gbé ọkọ̀ rẹ̀ kúrò ní géètì.

Láti ọjọ́ yẹn, ìbéèrè mẹ́rin ni mo ń kọ sórí pátákó. Ìkẹrin ni: Ta ni yóò jìyà bí kì í bá ṣe bí o ṣe wí? Kò sí nínú síléébọ́ọ̀sì ìjọba. Pírínsípà yọjú sí kíláàsì mi lọ́jọ́ kan, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kà á tán. Kò ní kí n pa á rẹ́.