Kíbọ́ọ̀dù Tí Mo Fi Ṣe Yẹ̀yẹ́

Ẹni tó bá mọ̀ mí dáadáa mọ̀ pé n kò ní sùúrù. Àìnísùúrù yìí ló fẹ́ dójú tì mí ní Sakété, láàárọ̀ Sátidé kan tí mo ti ń retí tipẹ́.

Kọ́léèjì kan ní Pobè ló gbé iṣẹ́ fún mi, iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ tí mo rí láti ìgbà tí mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà. Máàkì àwọn ọmọ ni mo fẹ́ gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí òbí tó wà ní Ahoyéyé tàbí Igana lè jókòó sílé, kó fi fóònù wò ó. Ọ̀gá kọ́léèjì ti kéde aago méjìlá ọ̀sán fún gbogbo òbí. Ó sì ti sọ fún mi pé tí mo bá dójú ti òun, ẹnì kan ní Àjàṣẹ́ ń dúró de iṣẹ́ náà.

Gbogbo máàkì ọ̀hún wà lórí sẹ́fà kan tí a háyà, kọ̀ǹpútà Línúsì tó wà lókè òkun, tí a ń darí láti ọ̀nà jíjìn. Ní aago mẹ́sàn-án, mo ní kí n fi àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì kejì kún un. Mo ṣí fáìlì tó ń sọ ẹnu ọ̀nà tí ẹ̀rọ náà yóò gbà jáde sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mo pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́, mo sì tún un kọ látinú ìwé àkọsílẹ̀ tí mo lò nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. Ìwé náà pe ẹnu ọ̀nà ọ̀hún ní eth0. Orúkọ àtijọ́ ni. Ens3 ni ẹ̀rọ yìí ń pe tirẹ̀. Àṣẹ kan wà tí ì bá dúró fún ìṣẹ́jú méjì, kó sì dá gbogbo rẹ̀ padà tí n kò bá fọwọ́ sí i. Mo fò ó kọjá. Sẹ́fà dákẹ́.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù: fèrèsé pàjáwìrì lójú kọ̀ǹpútà tí àwọn tó ni ẹ̀rọ náà fún wa, tí èèyàn lè gbà wọlé nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já. Mo tẹ orúkọ, root, ó hàn dáadáa. Mo tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà, tí kì í hàn ní tirẹ̀, ó ní irọ́ ni. Ìgbà mẹ́fà ni mo tẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Ẹ̀rù bà mí gan-an, n kò ní purọ́.

Nígbà keje, ọkàn mi ti dàrú débi pé mo tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà síbi orúkọ. Mo tẹ a, q ló jáde. Ojú mi là. Klavié tiwa níbí, ìyẹn kíbọ́ọ̀dù, ètò lẹ́tà ti Faransé ló ní, fèrèsé yẹn sì ń ka ọwọ́ mi bí ẹni pé ti Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń tẹ̀. Ibì kan náà ni lẹ́tà root wà nínú méjèèjì, òun ló fi tàn mí jẹ.

Ta ló ní ti Gẹ̀ẹ́sì ní Sakété? Àlàájà ará Nàìjíríà tó ń ta kọ̀ǹpútà tókúnbọ̀ ní òdìkejì ọ̀nà. Èmi yìí kan náà ni mo máa ń sọ fún oníbàárà pé ọjà rẹ̀ kò wúlò níbí, pé lẹ́tà rẹ̀ dàrú. Mo sọdá, mo dọ̀bálẹ̀.

"Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní klavié yín kan."

"Kíbọ́ọ̀dù tí lẹ́tà ẹ̀ dàrú?" ló fi ẹ̀rín bi mí.

"Òun gan-an ni, mà. Máàkì àwọn ọmọ Pobè ló há sọ́wọ́ mi."

Ẹ̀rín rẹ̀ dáwọ́ dúró. "Ọmọ mi wà níbẹ̀. Mú un, kó o yára."

Mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mi, mo tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ilẹ̀kùn ṣí. Mo yí eth0 sí ens3, mo lo àṣẹ tó ń dúró, mo sì fọwọ́ sí i. Kò tíì tó aago mọ́kànlá ààbọ̀ tí sẹ́fà fi jí, pẹ̀lú àdírẹ́sì méjèèjì. Èmi nìkan ni mo jó yí ṣọ́ọ̀bù ká, mo sì jó dáadáa.

Nígbà tí aago méjìlá lù, èrò oníbàárà ti wà níwájú mi. Àlàájà sọdá, ó na fóònù rẹ̀ sókè kí gbogbo wa lè rí i. Ọmọ rẹ̀ gba mẹ́rìndínlógún nínú ogún.

"Kí ló gbé máàkì yìí dé ọ̀dọ̀ mi?" ló bi mí.

Mo kọjú sí àwọn oníbàárà mi, mo ní, "Kíbọ́ọ̀dù Àlàájà ni."