Òdòdó Tí Mo Ti Tà

Lásìkò tí wọ́n ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti yunifásítì káàkiri ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, òdòdó ni mò ń tà ní Ìyànà Ìyẹsí. Gbogbo ẹni tó bá ti gbé géètì ńlá dúró ló ń wá ohun tútù tí yóò gbìn sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Láàárọ̀, kí mọ́tò tó pọ̀, màá bomi rin àwọn òdòdó náà nínú ọ̀rá dúdú wọn. Òórùn ilẹ̀ tútù á gba gbogbo ibẹ̀, á wá dà bíi pé mi ò tíì jí tán.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, màmá kan wá láti ṣọ́ọ̀ṣì tuntun kan ní Jójú. Ó rìn jẹ́jẹ́ láàárín òdòdó, ó ń fọwọ́ kan ewé wọn bí ẹni ń kí ọmọ ọwọ́. Àwọn tó pupa ló yàn. Ó sanwó, ó ya aṣọ funfun wẹ́wẹ́, ó so ó mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ó ní, “Tèmi nìyí o. Wọn ò tíì gbẹ́lẹ̀ tán lọ́hùn-ún. Bá mi máa bomi rin wọ́n títí bọ́ọ̀sì wa á fi dé.”

“Kò burú, Màmá.”

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, ìkùukùu bo ojú ọ̀nà. Inú rẹ̀ ni àwọn màlúù funfun ti yọ, láìsí ariwo, láìsí darandaran. Wọ́n ń jẹ òdòdó pupa náà, aṣọ wẹ́wẹ́ ń mì lẹ́nu wọn, ó sì lẹ́wà débi pé bí àlá ló rí lójú mi. Nígbà tí mo fi kígbe, tí mo da omi lù wọ́n, kùkùté ló kù. Tèmi tó wà lẹ́yìn, wọn ò fẹnu kàn án.

Bọ́ọ̀sì dé. Màmá sọ̀ kalẹ̀, ó wo àwọn kùkùté náà.

Ó ní, “Mú òmíràn fún mi nínú tìẹ. Ṣé tèmi ni ọjà tí mi ò tíì gbé?”

“Màmá, ẹ ti yàn án, ẹ ti so aṣọ mọ́ ọn.”

Alhájà kan tó ń ta táyà lódìkejì ọ̀nà ti sọdá wá. Ó kọ́kọ́ bi mí bóyá mo tọ́jú wọn. Mo ní mo tọ́jú wọn. Ó wá yíjú sí Màmá.

“Ká ní ó tà wọ́n fún ẹlòmíràn lánàá ńkọ́?”

“Á bí mi nínú! Tèmi ṣáà ni.”

Bó ṣe sọ ọ́ tán, òun náà gbọ́ ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó pe dírẹ́bà, ó ní, “Máa kó àwọn kùkùté yìí sínú bọ́ọ̀sì.”

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo bá wọn lọ sí Jójú láti gbin àwọn kùkùté náà, Màmá gbé ọ̀kan lé ẹsẹ̀ títí a fi dé. Àwọn kan hù, àwọn kan kò hù. Ewé lásán ni wọ́n yọ lọ́dún yẹn. Tí mo bá gba ibẹ̀ kọjá, mo máa ń yà wò wọ́n, ohùn mi á sì lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ bí mo ṣe ń kí wọn.