Kámẹ́rà Inú Báàfù

Tahirah ọmọ Àlàkẹ́ a máa gbé ẹrù kílò mẹ́tàlélógún lọ sí ibi tí ẹnì kankan kò ti dúró dè é. Òṣùwọ̀n àwọn tó ń ra kaṣú ní Fìdítì ni wọ́n fi wọn ẹrù náà, nítorí àwọn ènìyàn ń jiyàn lé e lórí. Ẹnìkan ní kò lè ju kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ẹlòmíràn ní ó ju ọgbọ̀n lọ. Wọ́n gbé e kọ́, abẹ́rẹ́ dúró sí mẹ́tàlélógún, iyàn tán.

Kámẹ́rà ni. Kámẹ́rà ńlá kan, lẹ́ńsì mẹ́rin tí wọ́n ń dè mọ́ ọn lẹ́nu, bátìrì mẹ́fà, àti irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé kó má baà gbọ̀n. Irin yẹn nìkan tó kílò mẹ́fà.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni Tahirah. Tíṣà ni, ní Ìlọ́ra. Bí ilé ìwé bá ti parí lọ́jọ́ Ẹtì, òun àti àpò rẹ̀ ti dé gáréèjì. Kì í ya ìyàwó, kì í ya ìkómọ. Ilẹ̀ ni ó ń yà: òkè, odò, oko, ojú ọ̀run nígbà tí òjò bá ṣú. Ó ti gbé ẹrù yìí dé Awẹ́, ó ti gbé e dé Imini, ó ti gbé e dé ibi tí ọ̀kadà kì í dé. Awakọ̀ kan wà ní gáréèjì Ìlọ́ra, bó bá ti rí i lókèèrè ni yóò kígbe sí àwọn èrò pé, "Ẹ sún, Tíṣà ń bọ̀ pẹ̀lú ọkọ rẹ̀."

Tahirah yóò gbé àpò náà ka ẹsẹ̀. "Ọkọ mi sàn jù yín lọ. Òun kì í sọ̀rọ̀ jù."

Gbogbo ilẹ̀ tí ó ti yà, ọ̀kan ṣoṣo ni ó ń dùn ún pé kò tíì rí yà bó ṣe yẹ. Oko ìyá rẹ̀ ni.

Ogójì ọdún ni Àlàkẹ́ fi gbin ọ̀pẹ òyìnbó sí oko kan lẹ́yìn odò, tó ń ru ú wá sí ẹ̀bá títì ní Fìdítì. Ó pé ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin báyìí. Ó di ọdún mẹ́ta tí orúnkún rẹ̀ ti ní òun kò lọ sí oko mọ́. Nígbà tí Tahirah bi í pé kí ni kí òun mú wá fún un, ó ní, "Oko mi."

Tahirah kọ́kọ́ fi fóònù yà á. Àlàkẹ́ mú fóònù náà súnmọ́ ojú, ó mú un jìnnà. "O ti ká oko mi sínú páálí ìṣáná," ló wí.

Ni Tahirah bá gbé ẹrù kílò mẹ́tàlélógún, ó gun òkúta ńlá tó wà létí oko, ó ya gbogbo oko láti òkè. Ó lọ tẹ̀ ẹ́ ní Ìbàdàn, ó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn. Àlàkẹ́ wò ó títí.

"Oko ta nìyí?"

"Tiyín ni, Màámi."

"Èmi ò gun òkúta yẹn rí. Oko àṣá lo yà."

Tahirah ká àwòrán náà, ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò bínú. Ó kàn mọ̀ pé òun yóò tún lọ ni.

Ṣùgbọ́n nínú oṣù kọkànlá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Sofiyullah, tí oko wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, ní ọ̀pẹ òyìnbó náà ti gbó, èso rẹ̀ kò ju ìkúùkù lọ mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ yóò wá hú u ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ Sátidé, ẹ̀gẹ́ ni yóò gbin. Àlàkẹ́ kò bá a jiyàn. Àgbẹ̀ ni òun náà. Ohun tó sọ kò ju pé, "Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó yáa lọ rí i."

Ó wo orúnkún rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Tahirah rí i.

Tíṣà kò ráyè kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Ìdájí Sátidé nìkan ló kù. Ìkùukùu ni Àlàkẹ́ sì máa ń bá lóko nígbà tirẹ̀, ìkùukùu kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni: láti ìgbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́ díẹ̀ títí oòrùn yóò fi yọ, kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì náà ni Tahirah sọ̀ kalẹ̀ ní Fìdítì, ni okùn èjìká àpò bá já. Ṣọbàtà tí ìbá rán an ti lọ sílé. Ó fi àyà gbé àpò náà bí ẹni gbé àgùntàn, ó wọlé bá ìyá rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Àlàkẹ́ wo okùn tó já. Ó wọ yàrá, ó fa báàfù tó fi ń ru ọ̀pẹ òyìnbó jáde.

"Kó o síbí."

"Màámi, kámẹ́rà ni o, kì í ṣe ọ̀pẹ òyìnbó."

"Èwo ló wúwo nínú méjèèjì?"

Tahirah rò ó. "Báàfù yín tó bá kún ni."

"Ó dáa. Ẹrù tí ẹ̀yìn bá kọ̀, orí á gbà á."

Ó tẹ́ ògbólógbòó ìró méjì sínú báàfù. Bó ṣe ń to ọ̀pẹ òyìnbó ló ṣe tò ó: èyí tó wúwo láàárín, èyí tó fúyẹ́ létí. Irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó dè é dábùú ẹnu báàfù. Ó lọ́ àkísà, ó ká a ní òṣùká, ó gbé e lé ọmọ rẹ̀ lórí. Ó ti tó ogún ọdún tí Tahirah ti ru ẹrù kẹ́yìn. Àlàkẹ́ ní kó fi rìn yí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ká lẹ́ẹ̀mẹta.

"Má wo ilẹ̀. Ẹni tó bá ń wo ilẹ̀ ni ilẹ̀ ń pè."

Ní ọjọ́ kejì, bí wọ́n ti kí ìrun àsùbáà tán, Fàwáz ọlọ́kadà dé ẹnu ọ̀nà. Ó wo báàfù, ó wo Tahirah.

"Àǹtí Tíṣà, èkuru ni àbí mọ́ínmọ́ín? Mi ò tíì jẹun o."

"Gíláàsì ni. Bí o bá já sí kòtò, ìwọ lo máa jẹ ẹ́."

Fàwáz wa ọ̀kadà náà bí ẹni gbé ẹyin. Nígbà tí wọ́n dé afárá onígi tó wà lórí odò, ó dúró, nítorí ọ̀kadà kò lè gbà á kọjá. Tahirah gbé òṣùká lérí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Fàwáz di etí kan báàfù mú, òun di èkejì. "Bísímílà," wọ́n jọ wí i, ẹrù gun orí.

Ní Fìdítì, ẹni tó bá gbé ẹrù rù ọ́ yóò bi ọ́ ní ìbéèrè kan. Fàwáz bi í: "Ta ni yóò sọ̀ yín lọ́hùn-ún?"

"Bọ̀ọ̀dá mi á ti débẹ̀."

Fàwáz yí ọ̀kadà padà. Àwọn tó ń lọ sí Ọ̀yọ́ ń dúró dè é.

Tahirah rìn. Ẹnu yà á pé ẹrù náà fúyẹ́ lórí ju bó ṣe máa ń rí lẹ́yìn lọ. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣófo. Kò mọ ìgbà tí òun bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ó ń kọrin náà títí ó fi dé ìdí òkúta, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí Sofiyullah. Ó pè é lẹ́ẹ̀mejì. Àparò ló dá a lóhùn. Àṣé Sofiyullah ti yà lọ kó àwọn òṣìṣẹ́.

Ọwọ́ méjì ni wọ́n fi ń gun òkúta yẹn, ẹni tó ru ẹrù kò sì lè tẹríba gùn ún. Tahirah gbìyànjú láti kúnlẹ̀ kí ó lè fúnra rẹ̀ sọ ẹrù. Bó ṣe fi orúnkún kan kanlẹ̀, lẹ́ńsì kan yí nínú báàfù, ó lu ìkejì rẹ̀, ó ró kó. Ó yára dìde.

Ojú ọ̀run ti ń pọ́n bí inú ìbẹ́pẹ. Ìkùukùu tẹ́ sórí oko, ó funfun báláú. Ohun tó wá yà wà níwájú rẹ̀, ohun tí yóò fi yà á wà lórí rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò bá a so méjèèjì pọ̀. Ẹ̀rín pa á. Báàfù mì. Ó gbé ẹ̀rín mì.

Ó wá bi ara rẹ̀ pé: ta ló ń gbé ẹrù ru Àlàkẹ́ níbí?

Kò sí ẹnì kankan. Òun nìkan ló máa ń dá wá. Tahirah rántí. Igi kaṣú kan wà nísàlẹ̀, ó pín sí méjì níbi tó tó orí ènìyàn. Inú ìpín yẹn ni Àlàkẹ́ máa ń gbé báàfù òfìfo kọ́. Ibẹ̀ ni yóò ti máa kó ọ̀pẹ òyìnbó sí i títí yóò fi kún, yóò wá ki orí bọ abẹ́ rẹ̀, yóò gbé e lọ.

Àádọ́ta ìṣísẹ̀ ni. Tahirah kò sáré. Igi náà ṣì wà, inú ìpín rẹ̀ ń dán nítorí báàfù ogójì ọdún. Tahirah ga ju ìyá rẹ̀ lọ níwọ̀n ọwọ́ kan, nítorí náà ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó ti báàfù síwájú. Ó bọ́ sí i géérégé. Ó yọ orí, ó na ọrùn, ó yíjú sí oko.

Kò rí oko náà báyìí rí láti ọjọ́ tó ti ń gun òkúta. Láti òkè, ìkùukùu a bo gbogbo rẹ̀. Níbí, ó ń wo inú ìkùukùu láti ẹ̀gbẹ́. Ìlà ọ̀pẹ òyìnbó ń lọ títí dé odò, orí wọn nìkan ló yọ, bí àwọn ènìyàn tó ń lúwẹ̀ẹ́. Igi ọ̀pẹ kan tó tẹ̀ wà lọ́wọ́ òsì.

Ó na irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sí ìdí kaṣú, ó gbé kámẹ́rà lé e, ó wo inú rẹ̀. Ó wá rẹ irin náà sílẹ̀ níwọ̀n ọwọ́ kan, kí ó lè bá ojú ìyá rẹ̀ dọ́gba. Ó yà á nígbà mọ́kànlá. Nígbà tó fẹ́ ya ìkejìlá, oòrùn ti yọ, ìkùukùu ti lọ.

Sofiyullah dé pẹ̀lú àdá àti ènìyàn mẹ́rin. "Ṣé mo pẹ́ ni?"

"Ẹ pẹ́, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ ṣeun."

Ó wo arábìnrin rẹ̀ bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Tahirah sọ pé kí wọ́n fi igi kaṣú sílẹ̀. Ó ní òun kò ní ohun tí òun fẹ́ fi í ṣe, kí wọ́n kàn fi í sílẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Tahirah na àwòrán náà mọ́ ògiri níwájú àga ìyá rẹ̀. Sofiyullah dúró lẹ́yìn. Àlàkẹ́ wò ó. Kò mú un súnmọ́, kò mú un jìnnà.

"Igi kaṣú ló sọ̀ ọ́," ló wí.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ta ni ìbá sọ fún mi? Ibi tí mo ń dúró sí nìyẹn kí n tó ki orí bọ abẹ́ báàfù. Wo ọ̀pẹ tó tẹ̀ yẹn. Ọwọ́ òsì mi ló máa ń wà." Ó na ìka sí àárín àwòrán. "Sofi, o ò ro ìlà kẹta yìí dáadáa."

"Màámi, a ti hú u."

"Mo ń rí i níbí. Lọ mú ọkọ́ wá."

Sofiyullah rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Àlàkẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ń ka ìlà lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ ń dán.

Tahirah ní láti dé Imini kí oòrùn tó mú. Ṣọbàtà ti rán okùn àpò, ṣùgbọ́n inú báàfù ni àpò náà wà. Ó gbé òṣùká lérí, ó kúnlẹ̀. Sofiyullah di etí kan mú. Àlàkẹ́ fi ọwọ́ ti orúnkún, ó dìde lórí àga, ó wá di èkejì mú.

"Bísímílà."

"Ta ni yóò sọ̀ ọ́ ní Imini?"

"Mo ti pe ẹnìkan lórí fóònù."

"O ti ń gbọ́n."

Tahirah dìde. Ó tẹ orúnkún díẹ̀ lábẹ́ àtẹ́rígbà, ó wo iwájú, ó lọ.