Lẹ́sìnnì Ọmọ Tíṣà

Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ṣakí, ó sì ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Tí mo bá ń kọjá lọ́jà, àwọn tí mo ti kọ́ rí a máa kúnlẹ̀ kí mi, àwọn mìíràn nínú wọn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ tí ọmọ mi obìnrin sọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan fi dùn mí dọ́kàn.

Ó wà ní kíláàsì kẹta girama nígbà náà, ìdánwò àṣekágbá wọn sì ń bọ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ ti ilé ẹ̀kọ́ dé ni, mo ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀, ó sì dúró sí ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì.

"Mọ́mì, mo fẹ́ máa lọ lẹ́sìnnì."

"Lẹ́sìnnì kí ni?"

Ó ń fi ọwọ́ lọ́ etí yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀.

"Ìṣirò ni, mà."

Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé ó ń ṣàwàdà. Ìgbà tí mo wo ojú rẹ̀ ni mo mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà. Mo ní, "Èmi tí mo bí ọ, tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, ibo lo tún fẹ́ lọ?"

Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Tí ẹ bá ń kọ́ mi, ẹ máa ń yára. Tí mo bá sì bi yín ní ìbéèrè, ẹ máa ń ní bó ṣe rí nìyẹn, kí n ṣáà kọ ọ́."

Òótọ́ ló sọ. Ní ilé ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ tó wà ní kíláàsì kan ṣoṣo á máa lọ bí àádọ́rin, aago kì í sì í dúró dè mí. Eré tí mò ń sá níbẹ̀ náà ni mò ń sá bọ̀ wálé. Tí èmi àtọmọ yìí bá jókòó sídìí tábìlì, kì í pẹ́ tí màá fi pariwo, kì í sì í pẹ́ tí òun náà á fi máa sunkún. Àmọ́ gbogbo òbí ló mọ̀ pé mi ò fẹ́ràn lẹ́sìnnì. Mo ti sọ ọ́ ní ìpàdé òbí àti olùkọ́ láìmọye ìgbà pé ọmọ tó bá fetí sílẹ̀ ní kíláàsì, kí ló tún ń wá kiri?

Nígbà tí bàbá rẹ̀ ti oko Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí dé ní òpin ọ̀sẹ̀, mo fẹjọ́ sùn ún. Ó ń jẹun lọ ní tirẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Èwo lo fẹ́ gan-an, kí ọmọ mọ ìṣirò ni, àbí kó ṣáà jẹ́ ìwọ lo kọ́ ọ?"

Mo ní kí ọmọ máa lọ lẹ́sìnnì rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin kan ládùúgbò wa ni òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń lọ. Ọmọbìnrin náà ti jáde ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, ó ń retí iṣẹ́, ó sì ń bá ìyá rẹ̀ ṣe èlùbọ́ ní àkókò náà. Nígbà tí mo gbọ́ ẹni tó jẹ́, inú mi tún bàjẹ́ sí i. Èmi ni mo kọ́ ọ. Ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń jókòó, lẹ́bàá fèrèsé, kì í nàwọ́ sókè. Mo rántí pé mo kọ ọ́ sínú ìwé èsì rẹ̀ nígbà kan pé ó lọ́ra. Ṣé ẹni yìí ló máa wá kọ́ ọmọ mi?

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo fi èlùbọ́ rírà bojú, mo lọ wo ohun tí wọ́n ń ṣe. Oòrùn ń ta gan-an lọ́jọ́ náà. Wọ́n sá gbodo, iṣu gbígbẹ tí wọ́n ń lọ̀ di èlùbọ́, sórí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé wọn. Ìyá rẹ̀ rí mi, ó ní, "Háà, Tíṣà, ẹ káàbọ̀ o!" Ó gbé àpótí fún mi. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ kí mi, ó sì padà sídìí àwọn ọmọ tó jókòó sórí ẹní lábẹ́ igi máńgòrò.

Ó gbé abọ́ kan tó ní ìdérí síwájú wọn, ó to ègé gbodo mẹ́ta tì í. Ní apá kejì, ó to ègé mẹ́jọ.

"Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dọ́gba," ló wí. "Mélòó ló wà nínú abọ́? Ẹ ò gbọdọ̀ ṣí i o."

Ọmọ kan ní kí wọ́n mú mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ kúrò. Ọmọbìnrin náà ní, "Ó dáa. Tá a bá mú mẹ́ta lọ́wọ́ ẹnì kan, tá ò mú un lọ́wọ́ ẹnì kejì ńkọ́?"

"A ti rẹ́ ọ̀kan jẹ nìyẹn," ni wọ́n dáhùn.

Wọ́n mú mẹ́ta kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kejì náà, ó ku márùn-ún. Ó ṣí abọ́, ègé márùn-ún ló wà níbẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Mo gbọ́ ohùn ọmọ mi: "Àǹtí, ṣé kì í wá ṣe pé mẹ́ta náà sọdá sí ẹ̀gbẹ́ kejì rárá, bí wọ́n ṣe máa ń sọ fún wa?"

"Kò sọdá lọ síbì kankan. A yọ ọ́ kúrò lọ́wọ́ méjèèjì ni."

Ó wá ní kí olúkúlùkù fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé. Ọ̀kan nínú wọn pẹ́ gan-an kó tó sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin yìí dákẹ́, ó ń dúró dè é. Tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò bá ti sọ ìdáhùn fún un lẹ́ẹ̀mẹta.

Ibi tá a wà nìyẹn tí atẹ́gùn fi dé, ojú ọ̀run sì ṣú. Àkọ́rọ̀ òjò ni. Ìyá rẹ̀ figbe ta, "Gbodo mi o!" Gbogbo wa sáré gun àpáta, tèmi taṣọ iṣẹ́ mi, à ń kó o sínú agbọ̀n àti àpò. Agbọ̀n tó kẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni òjò dà. A dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, à ń mí hẹlẹhẹlẹ, à ń rẹ́rìn-ín.

Mo bi ọmọbìnrin náà pé, "Ta ló kọ́ ẹ báyẹn?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, mà. Ẹ máa ń sọ ní kíláàsì pé tí nọ́ńbà bá ti sọdá àmì ìdọ́gba, àmì rẹ̀ á yí padà. Mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀, àmọ́ kò yé mi. Gbodo màámi ni mo fi ń wò ó nílé, títí ó fi yé mi."

"Kí ló dé tó ò bi mí?"

"Ẹ̀rù yín ń bà mí, mà."

Kò fi ìbínú sọ ọ́, ó tún rẹ́rìn-ín sí i. Ó pẹ́ díẹ̀ kí èmi náà tó lè rẹ́rìn-ín.

Ọmọ mi kọ́ ni ó gba ipò kìn-ín-ní nígbà tí èsì ìdánwò jáde, àmọ́ ó yege dáadáa, ẹkún sì tán lórí ọ̀rọ̀ ìṣirò nílé wa. Èmi náà gbé abọ́ lọ sí kíláàsì. Ọjọ́ àkọ́kọ́, àwọn ọmọ rò pé oúnjẹ ni mo gbé wá. Mo ti ń bi àwọn tó wà lẹ́yìn ní ìbéèrè báyìí, mo sì ń gbìyànjú láti dákẹ́ kí n gbọ́ wọn. Mi ò lè dúró de gbogbo àádọ́rin, mi ò purọ́. Ó ti wá yé mi ìdí tí òbí fi ń wá lẹ́sìnnì. Lẹ́sìnnì tí wọ́n kó ọmọ jọ fọ́fọ́ sí yàrá kan, tí tíṣà mìíràn tún kọ ohun tí mo kọ láàárọ̀ sójú pátákó, mi ò gbà pé ó wúlò. Ó kàn ń dá àwọn ọmọ lágara ni. Tí òbí bá bi mí ní ìpàdé báyìí, ìbéèrè kan ni mo máa ń bi wọ́n: "Tí ọmọ yín bá débẹ̀, ṣé wọ́n máa ń jẹ́ kó sọ̀rọ̀?"

Nígbà tó ṣe, ọmọbìnrin náà ríṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ogbooro. Ó wá dágbére fún mi. Mo ní, "Àwọn ọmọ ibẹ̀ á pọ̀ o. Má jẹ́ kí wọ́n kó ìkánjú bá ẹ."

"Ẹ máa rántí mi nínú àdúrà, mà," ló wí.

Mo bi ọmọ mi bóyá ká wá tíṣà lẹ́sìnnì mìíràn. Ó ní rárá, òun lè dá a ṣe báyìí. Ó kó ìwé rẹ̀ sórí tábìlì, èmi náà kó tèmi sí òdìkejì, mò ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi. Kò sí ariwo, kò sí ẹkún, ara sì tù mí.