Ẹni Tí Wọ́n Ń Pè Padà

Ní agboolé kan ní Àrẹ̀mọ, Kúbúrá aránfìlà kò jẹ́ kí fóònù ọmọ rẹ̀ kú. Oṣù mẹ́ta ti kọjá tí ọkọ̀ gbá Misbaudeen pa ní Bẹẹrẹ, síbẹ̀ ìyá rẹ̀ ń fi iná sí fóònù náà lójoojúmọ́, ó sì ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n òwú.

Tẹ́tẹ́ orí fóònù ló ba àárín ìyá àti ọmọ jẹ́. Nígbà tí ọmọ wí pé, "Ìyá mi, mo ti jáwọ́, ẹ foríjì mí," ìyá kò wojú rẹ̀.

"Ìgbà kẹrin rèé tó o máa jáwọ́," ni èsì tó fún un. Láti ọjọ́ náà, kò bá a jẹun mọ́ títí ikú fi dé.

Ní ọ̀sán Jímọ̀ kan, fóònù náà dún. Kúbúrá kò mọ̀wé. Ó ké sí Hikmat, ọmọ rẹ̀ obìnrin. Hikmat wò ó, ó dákẹ́.

"Ṣé o ti yadi ni? Kà á!"

"Iléeṣẹ́ tẹ́tẹ́ ni, Màámi. Wọ́n ní, 'Misbaudeen, ó ti pẹ́ tá a ti rí ọ. Padà wá.'"

Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ìyá. Ọ̀rọ̀ tí òun náà ń sọ láràárọ̀ sí àkéte òfìfo nìyẹn.

"Kí ni wọ́n ń fi òkú ọmọ mi ṣe?"

"Wọn ò mọ̀ pé ó ti kú. Wọ́n ní oṣù mẹ́fà tó ní kí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ òun pé lónìí. Òfin ni, Màámi: bí ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ bá ti bẹ̀ wọ́n bẹ́ẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ gba tẹ́tẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọn ò sì gbọdọ̀ pè é títí ọjọ́ yóò fi pé."

Kúbúrá ka oṣù lórí ìka. Mẹ́ta lókè eèpẹ̀, mẹ́ta nísàlẹ̀.

"Òótọ́ ló sọ fún mi pé òun ti jáwọ́."

"Òótọ́ ni, Màámi." Hikmat rọra fi kún un pé, "Bí a bá mú ìwé ikú lọ, wọn á ti àkáǹtì tẹ́tẹ́ rẹ̀ pa. Àmọ́ wọn ò ní í pè é mọ́ o."

Ìyá bo fóònù náà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́.

"Kí wọ́n tì í. Ohun tí ọmọ mi fẹ́ nìyẹn."

Wọ́n tì í. Fóònù náà kò dún mọ́. Ṣùgbọ́n bí Hikmat bá yà wọlé lásìkò oúnjẹ, abọ́ kan ni yóò bá níwájú ìyá rẹ̀, tí ìyá jẹ ìdajì rẹ̀, tó sì ti ìdajì yòókù síwájú, tó ń wojú ẹni tí kò sí níbẹ̀.